Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìwífún Tí Ṣíìpù Rán, Ṣé Ó Dé?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Lẹ́tà márùn-ún ni a yà sọ́tọ̀ fún ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí máíkírókọntírólà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú ẹyọ ṣíìpù kan, ṣe lè wọn nǹkan ní ilé tàbí ní oko, kí ó sì fi ohun tó wọ̀n ránṣẹ́ sí dátábéèsì orí ayélujára, níbi tí ènìyàn ti lè wò ó láti orí fóònù rẹ̀. Mo ka àwọn lẹ́tà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì rí i pé ohun tó ń yọ àwọn tó kọ wọ́n lẹ́nu kì í ṣe bí a ti ń rán ìwífún, bí kò ṣe bí a ti ń mọ̀ pé ó dé. Ibẹ̀ ni ìdáhùn mi yóò tẹ̀ sí jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, Ìbàdàn: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ga tó nínú táǹkì. ESP32, máíkírókọntírólà kan tó ní Wi-Fi, ni mo lò pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 tó ń fi ìró wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, mo sì fi XAMPP gbé Apache tó ń dá bùráúsà lóhùn, èdè PHP àti dátábéèsì MySQL sórí lápútọ́ọ̀pù mi. Bí mo bá ṣí http://localhost/gba.php nínú bùráúsà, ìlà tuntun ń wọ inú tábìlì; ṣùgbọ́n bí ESP32 bá lo àdírẹ́sì kan náà, -1 ni ó ń kọ síwájú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi PHP sílẹ̀, kí n wá láíbìrì tí yóò jẹ́ kí ESP32 bá MySQL sọ̀rọ̀ tààrà. Ṣé kí n gba ìmọ̀ràn rẹ̀?

Ìdáhùn: Arákùnrin, ẹ kú ìsapá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú -1 náà, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. Localhost kì í ṣe orúkọ lápútọ́ọ̀pù yín. Orúkọ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀ ni. Bí ẹ bá sọ pé “ilé mi”, ilé yín ni ẹ ń sọ. Bí èmi náà bá sọ pé “ilé mi”, ilé tèmi ni. Nígbà tí ESP32 bá ń wá localhost, inú ara rẹ̀ ni ó ń wá PHP sí, kò sì sí PHP níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí láíbìrì HTTPClient fi ń dá -1 padà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò rí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ ṣí Command Prompt lórí lápútọ́ọ̀pù náà, ẹ tẹ ipconfig, ẹ ó sì rí àdírẹ́sì IPv4 kan tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, òun ni kí ẹ kọ dípò localhost.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù ESP32 rárá, ẹ fi fóònù yín dán an wò. Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi tí lápútọ́ọ̀pù náà wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí àdírẹ́sì tuntun náà nínú bùráúsà. Bí fóònù kò bá rí i, ESP32 náà kò ní rí i, ibi tí ẹ ó sì yẹ̀ wò ni fáyáwọọ̀lù Windows, tó máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ Apache títí ẹ ó fi fún un láyè. Bí fóònù bá rí i ṣùgbọ́n tí ESP32 kò tilẹ̀ rí Wi-Fi náà, ẹ rántí pé 2.4 GHz nìkan ni ESP32 yín ń gbọ́. Bí a bá ṣètò hótísípọ́ọ̀tì fóònù sí 5 GHz, lójú ESP32, kò sí nílé.

Ní ti ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín, mi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí yóò yẹ iṣẹ́ yín wò béèrè rẹ̀. Láti bá MySQL sọ̀rọ̀ tààrà, ESP32 gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì, inú flash rẹ̀, ìyẹn ìrántí rẹ̀ tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, ni yóò sì tọ́jú wọn sí. Àfi bí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ti flash náà pa, ẹnikẹ́ni tó bá yọ ṣíìpù yín kúrò lára táǹkì, tó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB, lè ka gbogbo rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Láti ọjọ́ náà ni òun pẹ̀lú yín yóò ti jọ ni dátábéèsì. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn, háyà kì í ṣí pọ́ọ̀tù 3306, ẹnu ọ̀nà tí MySQL ń lò, fún ará òde, wọ́n sì jàre. MySQL 8.0 tó jáde ní ọdún 2018 tún yí ọ̀nà tí ó ń gbà dá ẹni tó ń wọlé mọ̀ padà, débi pé àwọn láíbìrì tó ti pẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i mọ́. Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan jà pẹ̀lú ìkíni yẹn, kí ẹ má sì tíì rán ìwọ̀n omi ẹyọ kan.

Ohun tó yẹ ni kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, gba.php yín sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Òun nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì, orí sáfà ni ó sì ń gbé, kì í ṣe orí táǹkì. ESP32 yóò fi POST, ọ̀nà tí a ń gbà fi ìwífún ránṣẹ́ sí sáfà, gbé ìwọ̀n omi wá bá a. Òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá náńbà ni, bóyá ó sì wà láàárín ohun tí táǹkì yín lè gbà, kí ó tó fi àṣẹ INSERT kọ ọ́ sínú tábìlì. Kí INSERT náà jẹ́ èyí tí a ti múra rẹ̀ sílẹ̀, tí a fi àmì ìbéèrè dì í láyè fún ìwífún, kí ohun tó wá láti òde má baà di apá kan àṣẹ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò béèrè rẹ̀. Bí ESP32 bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rí 200, náńbà ìdáhùn sáfà, dípò -1, inú yín yóò dùn, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Ìlọrin ní gáréèjì, èyí tí a ń pè ní wébíìlì, kì í sọ pé ẹrù ti dé nítorí pé ọkọ̀ ti gbéra. Kò tilẹ̀ ní sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá pè é pé òun ti wọ Ìlọrin. Ìgbà tí ẹni tó ni ẹrù bá pè, tó ní “mo ti gbà á, ó sì pé”, ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Náńbà 404 túmọ̀ sí pé ọkọ̀ dé ìlú ṣùgbọ́n kò rí ojúlé tí ẹ júwe. 500 túmọ̀ sí pé ó dé ojúlé ṣùgbọ́n nǹkan ṣe ẹni tó yẹ kó gbà á. Ní ti 200, awakọ̀ ló wulẹ̀ ń sọ pé òun ti dé. Lórí XAMPP, níbi tí a ti ṣètò PHP láti máa fi àṣìṣe hàn, PHP lè ṣubú lórí INSERT, kí ó kó gbogbo àlàyé ìṣubú náà sínú ìdáhùn, kí ó sì tún fi 200 lé e lórí. ESP32 tó bá ń wo náńbà nìkan yóò gbà pé ayé dára. Nítorí náà, ní òkè fáìlì gba.php, ẹ kọ http_response_code(500), kí ẹ sì yí i sí 201 lẹ́yìn tí INSERT bá ti yọrí nìkan. Láti ìgbà náà lọ, 201 ni “mo ti gbà á, ó sì pé”, ESP32 kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ mìíràn gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí sẹ́ńsọ̀ yín kí n tó kúrò níbẹ̀: HC-SR04 ń lo fọ́ltì 5, ẹsẹ̀ Echo rẹ̀ sì ń dá fọ́ltì 5 padà, nígbà tí ẹsẹ̀ ESP32 jẹ́ ti fọ́ltì 3.3. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ méjì, 1kΩ àti 2kΩ, pín fọ́ltì náà kí ó tó wọlé. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò sì lè wọn ohun tó bá sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, nítorí náà ẹ gbé e ga díẹ̀ ju ibi tí omi lè kún dé.

Ìyá olóko adìyẹ kan, Ìwó: Ọmọ mi ló ṣe ẹ̀rọ náà fún mi kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin inú ilé àwọn òròmọdìyẹ, mo sì ń wò ó lórí fóònù. Bí iná bá lọ, ohun tó yẹ kí ó wọ̀n ní gbogbo àkókò náà ń sọnù. Bí iná bá sì dé, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́ àfi bí mo bá lọ tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀n kan náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Lóru ọjọ́ kan, 0 ni ó kọ sí ooru. Mo sáré dé oko ní aago méjì òru, kò sí nǹkan kan tó ṣe àwọn òròmọdìyẹ náà. Kí ni kí á ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ sì kú ìdààmú òru ọjọ́ náà. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé yìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín, nítorí pé inú kóòdù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe náà wà, nǹkan kékeré méjì péré ni ẹ ó rà.

Òdo yẹn ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé òun ló lè kó òfò bá yín jù lọ́la. Òròmọdìyẹ ọlọ́sẹ̀ kan ń fẹ́ ooru bíi 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí òru kankan ní Ìwó tí ooru ilé adìyẹ yóò lọ sílẹ̀ dé 0. Ohun tí mo rí nínú àlàyé yín ni pé sẹ́ńsọ̀ kò dáhùn ní àkókò náà. Bí sẹ́ńsọ̀ DHT22 ni ó lò, ó lè jẹ́ pé wáyà rẹ̀ tú díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kóòdù tún bi í léèrè kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tí ó nílò láàárín ìbéèrè méjì tó pé. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, láíbìrì rẹ̀ máa ń fi NaN dáhùn, ìyẹn ni pé ohun tí òun ní lọ́wọ́ kì í ṣe náńbà. Ibì kan lẹ́yìn náà, nínú kóòdù tàbí nínú PHP, ni a ti sọ NaN di 0. “Mi ò mọ̀” àti “òdo” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀rọ tó bá sọ ọ̀kan di èkejì ń purọ́ fún olóko, bí irọ́ náà bá sì ti pọ̀ tó, olóko kò ní sáré mọ́ ní òru tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́. Kí ọmọ yín fi isnan, àṣẹ tó ń béèrè bóyá NaN ni, yẹ ìdáhùn sẹ́ńsọ̀ wò, kí ó tún béèrè bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, bí kò bá sì tíì dáhùn, kí ó rán ọ̀rọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ kò dáhùn, kí òpó ooru nínú tábìlì sì wà ní NULL, ìyẹn òfìfo. Ẹni tó bá ń lo sẹ́ńsọ̀ ooru DS18B20 kí ó ṣọ́ra fún náńbà méjì mìíràn: -127 ni láíbìrì rẹ̀ ń fi hàn nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá já kúrò lára wáyà, 85 sì ni sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí kò tíì wọn nǹkan kan.

Ìdí tí ẹ fi ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tí iná bá dé kò le rárá. Bí iná bá dé, ESP32 ń jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi kan, ṣùgbọ́n ráwútà yín lè gba ìṣẹ́jú kan sí méjì kí Wi-Fi rẹ̀ tó jáde. Bí kóòdù bá wá Wi-Fi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò rí i, tó sì jáwọ́, kò ní wá a mọ́ títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì, nígbà tí ráwútà ti jí tipẹ́. Kí ìwákiri Wi-Fi kúrò nínú setup nìkan, apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó wọ inú loop, apá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra, kí ẹ̀rọ náà máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ránṣẹ́.

Fún ìwọ̀n tó ń sọnù, ẹ ra UPS kékeré kan tí yóò gbé ESP32 àti ráwútà pọ̀. Mo ti rí oko tí a fi bátìrì sí ṣíìpù tí a sì gbàgbé ráwútà; ṣíìpù náà jí sílẹ̀ ní gbogbo òru, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n UPS kò lè ṣe nǹkan kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá lọ fúnra rẹ̀, nítorí náà kí ọmọ yín kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sínú flash rẹ̀ ná, nípasẹ̀ LittleFS, ètò tó ń tọ́jú fáìlì sínú flash, kí ó tó rán an. Bí ó bá ń wọ̀n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgbà 144 ni lójúmọ́; bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 32, kò tó kílóbáìtì 5 lójúmọ́, àyè mẹ́gábáìtì 1 sì lè gba ti ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìgbà tí 201 bá dé nìkan ni kí ó pa èyí tó rán rẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ padà sí gáréèjì tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn. Ẹrù dé, ẹni tó ni í gbà á, ó pè yín láti sọ fún yín, ṣùgbọ́n ìpè náà kò wọlé. Ẹ dúró títí, ẹ rò pé ẹrù ti sọnù, ẹ sì fi òmíràn ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ESP32 yín ṣe: ìwífún dé inú tábìlì, ìdáhùn sọnù lójú ọ̀nà, ó sì tún un rán. Kò ṣẹ̀, ohun tó yẹ kí ó ṣe ló ṣe, nítorí pé kí ìwọ̀n kan dé lẹ́ẹ̀mejì sàn ju kí ó má dé rárá lọ. Ohun tó kù ni náńbà ara wébíìlì. Kí ẹ̀rọ náà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní náńbà tirẹ̀, kí a sì ṣètò tábìlì náà pé orúkọ ẹ̀rọ àti náńbà yìí kò gbọdọ̀ jọ wà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí MySQL ń pè ní UNIQUE. Bí náńbà tó ti wà tẹ́lẹ̀ bá tún dé, kí PHP má kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó dáhùn pé òun ti gbà á. Mo rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fi àṣìṣe dá a lóhùn, ẹ̀rọ náà á sì máa tún ẹyọ ìwọ̀n kan rán títí láé, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní lè kọjá. Kí náńbà tó kẹ́yìn náà wà nínú flash pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 nígbà tí iná bá lọ tó sì dé, dátábéèsì yóò rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ rí, yóò sì da ìwọ̀n tuntun nù.

Nǹkan kejì tí ẹ ó rà ni aago DS3231 tó ní bátìrì pẹlẹbẹ tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tọ́jú ìwọ̀n òru kan sílẹ̀, tó sì rán gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, aago sáfà yóò kọ aago méje àárọ̀ sí gbogbo wọn, ẹ kò sì ní mọ ìgbà tí ilé adìyẹ tutù. Kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ àkókò sára ìwọ̀n nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́n. Kí ó kọ ọ́ ní UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, kí ojú ìwé tí ẹ ń wò lórí fóònù sì fi wákàtí kan kún un, nítorí pé wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣíwájú UTC láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan, Lọ́ńdọ̀nù: Mo fi ESP8266, máíkírókọntírólà tó ní Wi-Fi, sí ilé àwọn òbí mi ní Abẹ́òkúta láti máa wọn fọ́ltì bátìrì sólà wọn, tó jẹ́ ti fọ́ltì 24. Ìparí àdírẹ́sì tó ń lò ni gba.php?folti=25.6. Lóṣù tó kọjá, mo rí ìlà kan tó sọ pé fọ́ltì 900. Ẹ̀rù bà mí, mo yí i sí HTTPS, ọ̀nà tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà. Bí mo bá lo setInsecure, ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi sàtífíkéètì, ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ìkànnì náà gan-an ni, sí i, ó ń kọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú àjò, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn òbí. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ṣí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àdírẹ́sì náà lè tẹ náńbà tó wù ú sí ìparí rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn kiri orí ayélujára láti ṣí gbogbo àdírẹ́sì tí wọ́n bá rí náà sì lè ṣí i. Ẹ lo POST dípò GET tó ń kọ ìwífún sínú àdírẹ́sì, kí ẹ fún ESP8266 ní kọ́kọ́rọ́ kan tí yóò máa gbé wá nínú orí ìránṣẹ́ rẹ̀ (header), kì í ṣe nínú àdírẹ́sì, nítorí pé sáfà máa ń kọ gbogbo àdírẹ́sì tí a bá béèrè sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ẹ lè gba ti ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ láìyọ àwọn yòókù lẹ́nu. Kí PHP kọ ohunkóhun tó bá kéré sí fọ́ltì 18 tàbí tó ju 32 lọ. Kí orúkọ tí PHP fi ń wọ dátábéèsì ní àṣẹ INSERT nìkan, láìní àṣẹ ìparẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tún le sí i, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi HMAC-SHA256, ọ̀nà ìbuwọ́lù tó ń lo àṣírí, buwọ́ lu ìwọ̀n àti náńbà rẹ̀ pọ̀. Àṣírí tí ó fi ń buwọ́ lù ú kò ní rìnrìn-àjò rárá, ẹni tó bá sì jí ìránṣẹ́ àná kò lè tún un rán lónìí, nítorí pé dátábéèsì ti rí náńbà yẹn.

Ní ti setInsecure, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láìbéèrè ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó dára fún ìdánwò lórí tábìlì iṣẹ́, kò dára fún ilé ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ó fi ń kọ sàtífíkéètì sábà máa ń jẹ́ aago: nígbà tí ESP8266 bá jí, ó gbà pé ọdún 1970 ni a wà, sàtífíkéètì yín kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ béèrè àkókò lọ́wọ́ sáfà NTP, tó ń sọ aago fún àwọn ẹ̀rọ lórí ayélujára, kí ó tó kan ilẹ̀kùn HTTPS.

Ẹ tún wo irú sàtífíkéètì tí ẹ fi sínú rẹ̀. Bí ti ìkànnì yín gan-an ni, tí ó sì jẹ́ ti Let's Encrypt, àjọ tó ń fún ìkànnì ní sàtífíkéètì lọ́fẹ̀ẹ́, olóṣù mẹ́ta, láàárín ọjọ́ 90 ni yóò ti kú, ẹ ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ti gbòǹgbò, èyí tí àjọ náà fi ń jẹ́rìí sí àwọn sàtífíkéètì yòókù, ni kí ẹ lò. ISRG Root X1, gbòǹgbò Let's Encrypt, yóò wà títí di ọdún 2035. Síbẹ̀, gbòǹgbò náà ní ọjọ́ ikú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, gbòǹgbò àtijọ́ kan tí Let's Encrypt ń fara tì, DST Root CA X3, kásẹ̀ ńlẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àti fóònù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi gbòǹgbò tuntun sínú wọn sì kọ̀ láti bá àwọn ìkànnì tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan sọ̀rọ̀. Ẹ ṣètò ọ̀nà láti fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí ẹ bá wá sílé, kí ẹ tó padà sẹ́yìn odi.

Ẹlẹ́ja kan, Ẹ̀pẹ́: ESP32 àti SIM800L, módẹ́ẹ̀mù tó ń lo káàdì SIM, ni mo fi ń wọn ooru omi adágún ẹja mi. Mo ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Dátà ń tán kíákíá, SIM800L náà sì ń kú, ó ń jí, pàápàá nígbà tó bá fẹ́ ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Omi adágún kì í gbóná tàbí tutù láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ̀gbọ́n. Ìránṣẹ́ 17,280 ni ẹ ń rán lójúmọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ kílóbáìtì 1, ó ti lé ní mẹ́gábáìtì 17, HTTPS yóò sì tún fi kílóbáìtì mélòó kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìránṣẹ́ 144 ni, kò sì tó mẹ́gábáìtì kan. Ẹ tilẹ̀ lè kó ìwọ̀n mẹ́fà pọ̀, kí ẹ rán wọn lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, kí ẹ sì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ooru bá kọjá ààlà tí ẹ ti là sílẹ̀ nìkan. Bí adágún bá di mẹ́wàá, ẹ wo MQTT, ọ̀nà ìránṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ, èyí tí Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ṣe ní ọdún 1999 fún páìpù epo tó ń ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n. Orí ìránṣẹ́ rẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ lo QoS 1, ìpele ìdánilójú ìfijíṣẹ́ rẹ̀, kí ìdáhùn “mo ti gbà á” lè máa wá, ẹ ó sì ṣì nílò náńbà wébíìlì, nítorí pé QoS 1 lè gbé ìránṣẹ́ kan dé lẹ́ẹ̀mejì.

SIM800L tó ń kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòdù. Nígbà tó bá ń ránṣẹ́, ó lè fa iná tó tó ámpíà 2 fún ìgbà kúkúrú gan-an, fọ́ltì 3.4 sí 4.4 ni ó sì ń fẹ́. Ẹsẹ̀ 3.3 ara ESP32 kò lè gbé e. Ẹ fún un ní bátìrì lítíọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí ẹ so wáyà GND rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ESP32, kí ẹ sì fi kàpásítọ̀ 1000µF sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan, Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Arduino Uno ni bàbá mi rà fún mi. Wọ́n ní kò ní Wi-Fi, pé n kò lè fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, òótọ́ ni pé kò ní Wi-Fi, kílóbáìtì 2 péré sì ni ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o kò lè bẹ̀rẹ̀. So Uno rẹ mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB, kí o jẹ́ kí ó máa kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú Serial.println. Lórí kọ̀ǹpútà náà, kọ Python díẹ̀ tí yóò fi láíbìrì pyserial ka ìlà kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì fi láíbìrì requests gbé e lọ sí gba.php. Rántí pé Uno máa ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Python bá ṣí ojú ọ̀nà USB náà. Dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí kà, kí ìlà àkọ́kọ́ má baà dé ní ààbọ̀. Fi náńbà sí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bí mo ti sọ fún ìyá olóko adìyẹ, kí o sì dúró de 201 kí o tó pa á rẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, mọ̀ọ́mọ̀ pa Wi-Fi kọ̀ǹpútà náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o tún un tàn, kí o sì ka náńbà inú tábìlì rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti wo èyí tó sọnù àti èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí wa.